Epo pupa tí mo gbé wá láti ilé ti dì, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣá, òkè ẹ̀ pupa. Ṣé ayédèrú ni?

AráPeckham

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ti fẹ́ dìjà nílé wa. Mo lọ sílé lóṣù kọkànlá, mo ra epo pupa lítà márùn-ún lọ́wọ́ ìyá kan tí mo ti ń bá rajà láti ìgbà tí mo wà níléèwé, epo tó pupa fòò, tó ń ta sánsán, ọjọ́ tí mo rà á ó ń ṣàn dáadáa. Mo gbé e dé London, mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná wa, ilé ìdáná yẹn sì tutù gan-an, a kì í tan hítà síbẹ̀, tó bá di òru ó lè má ju dígírì 15 lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì fi dì gbagidi, àwọ̀ ẹ̀ ṣá bí ọsàn tí oòrùn ti pa, òkè ẹ̀ nìkan ló kù díẹ̀ tó ṣì ń ṣàn. Òróró ẹ̀pà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà kò dì rárá.

Ọ̀rẹ́ mi kan rí i, ó ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, pé wọ́n ti po nǹkan mọ́ ọn. Ó ṣòro fún mi láti gbà torí ìyá yẹn kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò wa kan wà tó jẹ́ ọmọ Bahia ní Bràsíl, dendê ni wọ́n ń pe epo pupa lọ́dọ̀ wọn, òun ni wọ́n fi ń dín àkàrà tí wọ́n ń pè ní acarajé, ó gbé ìgò tiẹ̀ wá fi hàn mí, bó ṣe dì lábẹ́ tó ń ṣàn lókè náà nìyẹn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé bóyá bí epo ṣe rí nìyẹn.

Ibi tó ti wá le nìyí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi wò lóṣù tó kọjá, wọ́n ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ẹ̀ ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bó ṣe wá fojú kan epo tó dì yìí ló ní, "ṣé o rí i, bó ṣe dì sínú kẹ́ẹ̀gì yìí náà ló ṣe ń dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ mi." Láti ọjọ́ náà kò jẹ ohunkóhun tó lépo mọ́, ẹ̀fọ́ bíbọ̀ ló ń jẹ, ó tún fẹ́ káwọn ọmọ náà máa jẹ bẹ́ẹ̀, àbíkẹ́yìn wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì ni. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn torí mi ò ka sáyẹ́ǹsì. Kí ló ń mú kí epo kan dì kí èkejì má dì? Ṣé òótọ́ ni pé bó ṣe ń dì níta náà ló ń dì nínú ara? Ṣé èèyàn sì lè wà láìjẹ ọ̀rá rárá? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàlàyé ẹ̀ kó yé mi, mo fẹ́ kà á sí i létí.

AlépoÒkìtìpupa

Àǹtí wa, ẹ kú òtútù o. Ẹ má bá ìyá yẹn jà, epo gidi ló tà fún yín. Iṣẹ́ ìyá mi ni epo, iṣẹ́ tèmi náà ni, mo sì lè sọ fún yín pé tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, epo inú dúrọ́ọ̀mù wa náà máa ń dì láàárọ̀, ó máa di ọwọ́ ọ̀sán tí oòrùn bá ràn kó tó tún yọ́. Òkìtìpupa gan-an ọyẹ́ ò tiẹ̀ mú níbí bíi ti apá Ọ̀yọ́. Epo tó bá wà ní dígírì 15 tí kò dì rárá ni kí ẹ bi ara yín léèrè nípa ẹ̀, torí ìyẹn lè jẹ́ pé òróró míì ni wọ́n ti dà pọ̀ mọ́ ọn, tàbí kó jẹ́ èyí tí wọ́n ti sẹ́ kúrò lára èyí tó máa ń dì.

Àmọ́ dídì yàtọ̀ sí dídì o. Ẹyìn tí wọ́n bá kọ láti orí ọ̀pẹ, tí wọ́n jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó sè é, ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún, ọ̀sẹ̀ kan, tó ti ń gbóná fúnra ẹ̀ nínú òkìtì, epo tó bá jáde níbẹ̀ máa ń le ju tẹ́yìn tútù lọ, ó máa ń ta ọ̀fun, ó sì lè rùn. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ara ẹyìn fúnra ẹ̀ tó máa ń já ọ̀rá sí wẹ́wẹ́ gbàrà tí ẹyìn bá ti ṣèṣe, ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi máa ń sọ pé ẹyìn tí a bá kọ lónìí, kò gbọdọ̀ rí ọ̀la láìwọnú àgbá, torí iná ló ń pa ẹ́ńsáìmù yẹn. Àwọn tó ń ra epo lọ sókè òkun máa ń wọn ásíìdì tó ti já kúrò yìí, tó bá ti ju 5 nínú 100 lọ wọn ò ní rà á lówó gidi. Torí náà ẹ tọ́ epo yín wò. Tí kò bá ta yín lọ́fun, ẹyìn tútù ni wọ́n fi ṣe é.

Ohun tó yẹ ká máa bẹ̀rù ni àwọ̀. Àwọn èèyàn burúkú kan máa ń po àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Sudan mọ́ epo tó ti gbó kó lè padà pupa, àwọ̀ aṣọ àti àwọ̀ bàtà ni, kì í ṣe ohun téèyàn ń jẹ, wọn ò gbà á láàyè nínú oúnjẹ lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ yẹn, NAFDAC náà ti kìlọ̀ lórí ẹ̀ nílé. Láàbù nìkan ló lè fi hàn dájú. Ó máa ń dùn mí gan-an torí àwa tí à ń ṣe epo wa bó ṣe tọ́ la máa ń jìyà ẹ̀. Epo ni mo rù, oníyangí má ba tèmi jẹ́.

TíṣàKẹ́mísìrì

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Kẹ́mísìrì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS3, epo tó dì ni mo sì fi ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì lípídì, ìyẹn ọ̀rá àti àwọn ẹbí ẹ̀, lọ́dọọdún torí kò sí ọmọ tí kò tíì rí i rí.

Àǹtí, ẹ ronú nípa àga rọ́bà tí à ń háyà fún ìnáwó. Tí ẹsẹ̀ gbogbo wọn bá tọ́, ẹ máa tò wọ́n léra wọn títí wọ́n á fi kan àjà, wọ́n á wọnú ara wọn pinpin. Tí ẹsẹ̀ kan bá wọ́, àga yẹn ò ní jókòó dáadáa lórí èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, àlàfo á wà, òkìtì àga á máa mì. Bí epo ṣe rí gan-an nìyẹn. Hóró epo kọ̀ọ̀kan jẹ́ àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ìjókòó àga yẹn ni glísẹ́rọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó so mọ́ ọn ni àwọn ásíìdì ọ̀rá, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ kábọ́nù tó tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, tí háídrójìn wá so mọ́ wọn lára. Tí kábọ́nù kọ̀ọ̀kan bá ti gba háídrójìn tó lè gbà tán, ẹsẹ̀ yẹn á tọ́ gbọnrangandan. Tí kábọ́nù méjì láàárín bá fi ìdè méjì di ara wọn mú dípò ìdè kan, ẹsẹ̀ yẹn á wọ́ níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ tó tọ́ tó pọ̀ jù nínú epo pupa ni palmitic, kábọ́nù 16 ló ní, orúkọ igi ọ̀pẹ gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Edmond Frémy ló yọ ọ́ jáde látinú epo pupa lọ́dún 1840. Palmitic nìkan, tí kò sí nínú àga, dígírì 63 ló ti ń yọ́. Ẹsẹ̀ wíwọ́ tó pọ̀ jù ni oleic, kábọ́nù 18, ó wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré láàárín, síbẹ̀ wíwọ́ ẹ̀ẹ̀kan yẹn mú un yọ́ ní nǹkan bíi dígírì 13. Linoleic wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó di bíi dígírì 5 sísàlẹ̀ òdo kó tó dì. Ẹ wò ó, kábọ́nù 18 tó tọ́, tí wọ́n ń pè ní stearic, ó máa ń tó dígírì 69 kó tó yọ́, kábọ́nù 18 tó wọ́ lẹ́ẹ̀kan, dígírì 13! Kò sí ohun tó yàtọ̀ nínú méjèèjì ju háídrójìn méjì lọ. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń kọ́ ọ, ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu.

Nínú epo pupa, palmitic tó bíi 44 nínú 100, oleic bíi 39, linoleic bíi 10, stearic bíi 4 tàbí 5. Ẹ rí i pé ẹsẹ̀ títọ́ àti ẹsẹ̀ wíwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pín in dọ́gba-dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí lójú kan pàtó tó ti ń yọ́, láàárín dígírì 33 sí 39 ló ti ń yọ́ tán, kó tó débẹ̀ á máa dì díẹ̀ á máa ṣàn díẹ̀. Àwọn àga tí ẹsẹ̀ wọn tọ́ jù ló kọ́kọ́ tò léra tí wọ́n rọ̀ sísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì yín, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn wọ́ ló kù sókè tí wọ́n ń ṣàn, àwọ̀ pupa náà sì bá wọn lọ sókè torí inú èyí tó ń ṣàn ló ti rí àyè. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á mú epo tutù díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sẹ́ èyí tó ń ṣàn sọ́tọ̀ fún dídín nǹkan, wọ́n á kó èyí tó dì lọ fún ọṣẹ àti màjarín. Òróró ẹ̀pà ní tiẹ̀, palmitic inú ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 10 nínú 100 lọ, ẹsẹ̀ wíwọ́ ló kún inú ẹ̀. Àmọ́ ẹ gbé òun náà sínú fíríìjì, ẹ máa rí i tó máa ṣú.

Àdín yàtọ̀ sí wọn. Inú ekùrọ́ la ti ń yọ ọ́, láti inú èso kan náà, síbẹ̀ epo méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àdín ni lauric, kábọ́nù 12 péré, ẹsẹ̀ kúkúrú tó tọ́. Òrí náà, stearic àti oleic ló kó inú ẹ̀ jọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dì nínú igbá àmọ́ tó máa ń yọ́ gbàrà tí ẹ bá fi pa ara.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọṣẹ kún un torí ibẹ̀ ni sáyẹ́ǹsì ọ̀rá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń se ọṣẹ dúdú máa ń jó èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á sẹ́ omi eérú ẹ̀, wọ́n á sè é pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo. Ohun tí omi eérú ń ṣe ni pé ó ń yọ ẹsẹ̀ àga kúrò lára ìjókòó. Ẹsẹ̀ tó já yẹn, orí ẹ̀ kan fẹ́ràn omi, ìrù ẹ̀ fẹ́ràn epo, ó di ọṣẹ. Potásíọ̀mù inú eérú ló sì jẹ́ kí ọṣẹ dúdú rọ̀, sódíọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ tó le. Michel Eugène Chevreul, ará Faransé, ló jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún púpọ̀, tó tẹ ìwé jáde lọ́dún 1823 tó fi hàn pé ásíìdì àti glísẹ́rọ́ọ̀lù ló wà nínú ọ̀rá, àwọn ìyá wa sì ti ń yọ ẹsẹ̀ àga ní tiwọn tipẹ́tipẹ́.

BàbáÌjẹ̀bú

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ẹ sọ fún ọkọ ọmọ wa yẹn kó fọkàn balẹ̀. Epo ni ìrọ́jú ọbẹ̀. Bàbá mi jẹ epo pupa títí tó fi lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, àyà ò dùn ún lọ́jọ́ kan. Àwọn òyìnbó ló ń sọ̀rọ̀ epo wa láìda kí tiwọn lè tà. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ò sí nínú epo pupa, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Nọ́ọ̀sìLeeds

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Òótọ́ lẹ sọ pé kò sí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù nínú epo pupa, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù inú ewéko kéré débi pé a ò lè kà á sí, ara ẹranko ló ti ń wá. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀, wọ́ọ̀dù àwọn tó ní àrùn ọkàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò fẹ́ kí ọ̀gá yẹn gbọ́ ìdajì kó wá lọ máa ṣe bó ṣe wù ú.

Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé epo kì í ti ẹnu bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ bó ṣe wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Tó bá dé inú ìfun, òróòro tí ẹ̀dọ̀ ṣe á tú sórí ẹ̀, iṣẹ́ ọṣẹ tí tíṣà ṣàlàyé yẹn gan-an ni òróòro ń ṣe, á sọ epo di ẹ̀kán wẹ́wẹ́, ẹ́ńsáìmù á wá já ẹsẹ̀ méjì kúrò lára àga. Ara ìfun á gbà wọ́n wọlé, á tún wọn tò padà, á wé wọn sínú ẹrù tí purotéènì yí ká kó tó tì wọ́n sínú ẹ̀jẹ̀, torí omi ni ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá ò lè dá rìn nínú ẹ̀. Kò sí ìgbà kankan tí epo ń dì sínú iṣan bí ìgbà tí ọbẹ̀ bá sùn. Ara èèyàn tó wà láàyè tó dígírì 37.

Ohun tó ń dí iṣan, nǹkan míì ni. Ẹ̀dọ̀ máa ń di ọ̀rá àti kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù sínú ẹrù, ọ̀kan nínú àwọn ẹrù yẹn ni wọ́n ń pè ní LDL. Tí LDL bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, á máa rá wọ ara ògiri iṣan, á dúró síbẹ̀, á bàjẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara á wá gbé e mì títí wọ́n á fi yó bámúbámú tí wọn ò ní lè kúrò níbẹ̀ mọ́, ibẹ̀ á wú, á le, ọjọ́ tó bá ya ni ẹ̀jẹ̀ máa dì lé e lórí. Ọ̀rọ̀ ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún ni.

Ibo ni epo pupa wá bá a dé? Ẹ̀dọ̀ ní ilẹ̀kùn lára tó fi ń gba LDL padà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Michael Brown àti Joseph Goldstein ló rí ilẹ̀kùn yẹn, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ lọ́dún 1985. Tí ẹsẹ̀ títọ́ bíi palmitic bá pọ̀ nínú oúnjẹ èèyàn, ẹ̀dọ̀ á dín ilẹ̀kùn yẹn kù, LDL á wá máa yí kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Epo tí kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù rárá lè mú ti ara èèyàn gòkè, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Tí a bá fi òróró tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wọ́ rọ́pò díẹ̀ nínú ẹ̀, ilẹ̀kùn á pọ̀ sí i. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ sà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà òyìnbó, bọ́tà tiwọn náà kún fún ẹsẹ̀ títọ́. Èyí tó burú ju gbogbo ẹ̀ lọ ni òróró tí wọ́n fi ẹ̀rọ ti háídrójìn bọ̀ lára, tí ìdè méjì ẹ̀ tó kù yí padà, tí ẹsẹ̀ tó yẹ kó wọ́ wá tọ́, trans fat ni wọ́n ń pè é, NAFDAC ti ṣòfin pé kò gbọdọ̀ ju 2 nínú 100 ọ̀rá inú oúnjẹ lọ.

Ṣé èèyàn wá lè wà láìjẹ ọ̀rá? Rárá o. Awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lára wa, lípídì ni. Ẹ mú àga tíṣà yẹn, ẹ yọ ẹsẹ̀ kan, ẹ fi fọ́sífétì tó fẹ́ràn omi síbẹ̀. Irú àga bẹ́ẹ̀ máa ń tò ní ìpele méjì, ẹsẹ̀ kọjú sí ẹsẹ̀ nínú, orí kọjú sómi níta, ó di ògiri láìsí bíríkìlà. Gorter àti Grendel ló fi hàn lọ́dún 1925, wọ́n yọ lípídì ara sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, wọ́n tẹ́ ẹ lórí omi, wọ́n rí i pé ó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ara sẹ́ẹ̀lì náà. Ẹsẹ̀ wíwọ́ ló ń jẹ́ kí ògiri yẹn rọ̀, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ló ń jẹ́ kó má rọ̀ jù. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tí ọ̀gá ń sá fún yìí náà ni ara fi ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin àti tobìnrin, òun ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe òróòro, ẹbí ẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ ara ni oòrùn máa ń sọ di fítámì D. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, kódà téèyàn ò jẹ ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó máa ń mú omi wá sójú mi. Kí n tó dé wọ́ọ̀dù ọkàn, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé ni mo wà. Nínú ẹ̀dọ̀fóró wa, àwọn àpò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ máa ń fẹ́ lẹ̀ mọ́ra bí ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tó tutù, lípídì kan ló máa ń tẹ́ sára wọn tí wọn kì í fi í lẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì lípídì yẹn, palmitic ni. Palmitic inú epo pupa yẹn náà, àmọ́ ara fúnra ẹ̀ ló ṣe é. Ọmọ tí wọ́n bí kí oṣù ẹ̀ tó pé, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ lè má tíì máa ṣe é tó, ẹ máa rí i tí ìhà ẹ̀ á máa wọlé bó ṣe ń mí. Mary Ellen Avery ló rí okùnfà ẹ̀ lọ́dún 1959. Lónìí a máa ń rọ lípídì yẹn sínú ọ̀nà ọ̀fun ọmọ, mo ti dúró níbẹ̀ rí tí ọmọ tó ti ń dúdú lẹ́nu pọ́n padà lójú mi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Torí náà tẹ́nì kan bá sọ níwájú mi pé ọ̀tá ni ọ̀rá, mi ò lè dákẹ́.

Ti àbíkẹ́yìn yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ ọ̀rá kúrò nínú oúnjẹ ẹ̀. Nǹkan bí ìdajì agbára tó wà nínú omi ọyàn, inú ọ̀rá ló ti ń wá. Ohun tó wé fọ́nrán ọpọlọ bí rọ́bà ṣe wé wáyà iná, ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó sì ń wé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ orí yẹn. Fítámì A, D, E àti K ò lè wọ ara láìsí ọ̀rá. Pupa inú epo pupa yẹn, carotene ni, ara máa ń sọ ọ́ di fítámì A tí ojú fi ń ríran lálẹ́, torí náà èmi ò fara mọ́ kí wọ́n blíìṣì epo lórí iná títí á fi funfun, iná yẹn ti jó ohun tó dára jù nínú ẹ̀. Oríṣi ẹsẹ̀ wíwọ́ méjì sì wà tí ara ò lè dá ṣe, à fi ká jẹ wọ́n, George àti Mildred Burr ló kọ́kọ́ fi hàn lára èkúté lọ́dún 1929. Linoleic wà nínú òróró ẹ̀pà dáadáa, èkejì wà nínú wóníọ́ọ̀tì àti òróró canola, ẹja Titus náà ní ẹbí ẹ̀ tó gùn jù ú lọ, èyí tí ọpọlọ ń lò gan-an.

ỌmọÌdíkàn

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé. Mo fẹ́ fi kinní kan tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa kún un. Láti ọdún 1992, àwọn dókítà University of Ibadan àti ti Indiana University ní Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà ní Ìdíkàn n'Ìbàdàn níbí, tí wọ́n ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis, lórí àrùn ìgbàgbé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ogunniyi sì bá a lọ. Lọ́dún 2001 wọ́n sọ ọ́ pé nínú 100 àgbà, àwọn tí Alzheimer's, irú àrùn ìgbàgbé kan, ń mú lọ́dún kan jẹ́ 1.15 níbí, 2.52 lọ́hùn-ún. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àwọn ará ibí sì kéré ju ti wọn lọ. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ APOE, òun ló ń ṣe ọ̀kan nínú purotéènì tó ń gbé ọ̀rá kiri nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ọpọlọ, irú ẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ε4 máa ń mú kí ewu àrùn yẹn pọ̀ fún àwọn òyìnbó gan-an, àmọ́ lára àwọn Yorùbá Ìbàdàn wọn ò rí i kó lágbára bẹ́ẹ̀.

Mi ò sọ pé epo ló dáàbò bò wọ́n o, BàbáÌjẹ̀bú ẹ má tíì yọ̀. Àwọn àgbà yẹn, iṣu, àmàlà, ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ ni oúnjẹ wọn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ìyá àgbà mi wà lára àwọn tí wọ́n máa ń wá bi léèrè ọ̀rọ̀, ṣíbí ìdáná kan péré ni màmá fi ń bu epo sí ìkòkò ọbẹ̀ tó máa yó èèyàn mẹ́fà. Ẹ fi ìyẹn wé bí a ṣe ń dà á látinú kẹ́ẹ̀gì lónìí.

BàbáÌjẹ̀bú

Ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ni. Mo rántí ṣíbí yẹn. Tiwa náà wà, igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Màmá wa kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kàn án.

AráPeckham

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún un yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí ọkọ mi létí lálẹ́ àná, ó ní kí n tún ti ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yẹn kà lẹ́ẹ̀kejì. Àkọ́bí wa oṣù ẹ̀ ò pé nígbà tí mo bí i, wọ́n rọ nǹkan funfun kan sí i lọ́fun, a ò mọ ohun tó jẹ́ títí di àná. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni báyìí.

Ó ti gbà pé káwọn ọmọ máa jẹun wọn bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Òun náà á padà lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lórí oògùn tí wọ́n fẹ́ fún un tẹ́lẹ̀ tó kọ̀, ní ti ọbẹ̀ a ti mú ṣíbí kan sọ́tọ̀ fún epo, a óò sì máa fi òróró ẹ̀pà se àwọn nǹkan míì. Ó ku kinní kan, AlépoÒkìtìpupa, báwo ni kí n ṣe yọ́ èyí tó dì yìí láìbà á jẹ́? Èyí tó ń ṣàn lókè nìkan ni mo ti ń dà lò.

AlépoÒkìtìpupa

Ẹ má dá èyí tó wà lókè nìkan lò àǹtí, carotene tí nọ́ọ̀sì sọ wà níbẹ̀ jù, ẹsẹ̀ wíwọ́ náà ló pọ̀ níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá lò ó tán èyí tó le nìkan ló máa kù fún un yín. Ẹ gbé odindi kẹ́ẹ̀gì yẹn sínú báàfù omi tó gbóná díẹ̀ ju ara èèyàn lọ, ẹ má gbé e sórí iná, ẹ fi sílẹ̀ títí gbogbo ẹ̀ á fi yọ́, ẹ mì ín pọ̀, kẹ́ ẹ wá pín in sínú ìgò kéékèèké tó gbẹ, omi ò gbọdọ̀ kán sí i. Ẹ kún ìgò dẹ́nu kí afẹ́fẹ́ má ráyè, ẹ gbé wọn síbi tó ṣókùnkùn. Wọ́n á tún dì o, àmọ́ ìgò kan lẹ óò máa yọ́ lẹ́ẹ̀kan.